Àlùbọ́sà Dé, Báyọ̀ Kò Dé

Ọjọ́ tí lọ́rì gbé àlùbọ́sà Báyọ̀ wọ Mile 12, gbogbo àpò rẹ̀ ló pé. Kò sí èyí tó jẹrà, kò sí èyí tó já lọ́nà. Ẹni tó ni ín nìkan ni kò sí nínú ọkọ̀.

Èmi ni mo dúró gba ẹrù. Báyọ̀ ti fóònù mi láti ilé tẹlifóònù kan lọ́hùn-ún pé, "Sister mi, ẹ bá mi dúró ti ọjà yẹn o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ mi jẹ." Mo rò pé ó ń sọ bẹ́ẹ̀ torí ó mọ̀ pé àrẹ̀ ọ̀nà á ti mú òun. Dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ó na ẹ̀yìn, ó ní kí n wá gba ọjà mi.

"Báyọ̀ ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Kò tíì dé ni? Ó ní òun á ti ṣáájú wa délé."

Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ti wọ inú mi. Ó bá mi dé ìlú tí n kò lérò pé n ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láyé, ó sì bá mi padà wá sílé. Ìrìn-àjò yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí pé mo gbọ́ ohun kan níbẹ̀ tí kì í ṣe tèmi nìkan.

Àwa méjì ni ìyá wa bí, èmi Mojí àti Báyọ̀. Àyétòrò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni àwọn òbí wa ti wá, ṣùgbọ́n Kétu l'Ékòó ni wọ́n bí wa sí, Kétu náà ni bàbá wa kú sí. Èmi ń ránṣọ ní Ìkòsí. Báyọ̀ ń ta àlùbọ́sà. Nígbà náà, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kárí ìgboro ni, Báyọ̀ kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó lójú òwò ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Dípò kó máa ra ọjà lọ́wọ́ alágbàtà, ńṣe ló ń tẹ̀lé àwọn Hausa lọ sí ilẹ̀ Nìjẹ̀r, sí ìlú kan tó ń jẹ́ Gálímì, níbi tí àlùbọ́sà pupa ńláńlá yẹn ti ń wá. Ó ti lọ, ó ti bọ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Lọ́tẹ̀ yìí, oṣù kan kọjá, òmíràn wọlé, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu ọjà kì í sì í sinmi. Àwọn kan ní adigunjalè ló dá a lọ́nà. Àwọn kan ní sọ́jà ilẹ̀ ọ̀hún ló tì í mọ́lé torí pé kò ní ìwé. Ìyá kan tó ń ta tàtàṣé ní tòsí ìsọ̀ rẹ̀ ní ọmọbìnrin ibẹ̀ ló fẹ́, pé ó ń bọ̀ wá dé pẹ̀lú láwàní lórí. Èyí tó ṣẹ́kù, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ sókè létí ìyá mi: pé ó ti gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, kó lè ti ibẹ̀ bọ́ sójú òkun lọ sí Yúróòpù.

Ìyá mi gbọ́ ọ náà lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Irọ́ ni. Báyọ̀ ò lè lọ kó má dágbére fún mi."

Ẹsẹ̀ ń dun ìyá mi, kò lè rìn jìnnà. Èmi ni mo gbọ́ Hausa díẹ̀díẹ̀ nínú ilé wa. Mo ní n ó wá a lọ; ọkọ mi kọ́kọ́ ní kò ṣeé ṣe. Nígbà tó rí i pé n kì í sùn mọ́, ó lọ bá Mallam Ìsá, ọmọ Kẹ́bí, alágbàtà àlùbọ́sà tó ti gbé Mile 12 pẹ́ débi pé ó lè bú ènìyàn lédè Yorùbá kí onítọ̀hún máà mọ̀ pé kì í ṣe ará Kétu. Mallam Ìsá wá sílé wa, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí Báyọ̀," ló wí, "ọmọ tèmi náà ni. N ó mú yín lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá ní kẹ́ ẹ má ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é."

Kónì

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílẹ̀ Nìjẹ̀r ni bí ibẹ̀ ṣe tẹ́jú. Ẹni tó dàgbà ní Kétu kò mọ ohun tó ń jẹ́ kí ojú ríran jìnnà. Níbí, bí o bá gbójú sókè, ògiri ẹlòmíràn ni, tàbí òrùlé rẹ̀. Lọ́hùn-ún, bí o bá dúró, gbogbo ayé ló ń wò ọ́, ìwọ náà sì ń rí i pé kò sí ibi tí wàá sá sí. Ọyẹ́ ti fi eruku bo oòrùn títí ó fi funfun bí abọ́ tí wọn kò ṣan dáadáa.

Kónì ni ìlú tí a kọ́kọ́ wọ̀ lẹ́yìn bọ́dà. Hausa ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe Hausa Mile 12 tí mo mọ̀. Mo la ẹnu béèrè omi, àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Nílé, àjèjì ni mo máa ń dá mọ̀ tó bá sọ̀rọ̀. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu èmi ló ń tú mi fó.

Mallam Ìsá mú mi lọ sí àgọ́ àwọn jàǹdáàmù, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá wọn tó ń múra bíi sọ́jà. Láti Kétu ni mo ti ń bẹ̀rù wọn. Ọ̀gá wọn ga, obì ti mú ètè rẹ̀ pọ́n. Ó gba fọ́tò Báyọ̀, ó wò ó pẹ́, ó fi Faransé bi mí ní nǹkan. N kò gbọ́. Ó tún un bi, ohùn rẹ̀ le sí i. Ìgbà tí Mallam Ìsá bá a sọ Hausa ni ojú rẹ̀ tó rọ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ní kí n máa tẹ̀lé òun.

Yàrá kan ni wọ́n ń ti ènìyàn mọ́, fèrèsé rẹ̀ kò fẹ̀ ju ojú ìwé lọ. Bí ó ṣe ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo àwọn tó wà nílẹ̀ gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Olúkúlùkù ń wò mí bóyá òun ni mo wá mú. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń wá imú àbúrò mi, mò ń wá etí rẹ̀. Ojú tí mo bá ti fò kọjá, á rọra padà sílẹ̀. Báyọ̀ kò sí níbẹ̀. Mo jáde, mo di ògiri mú.

Ọ̀gá náà bu omi fún mi nínú kọ́ọ̀bù irin tirẹ̀. Ó sọ nǹkan ní Hausa, ó fi ọwọ́ kan àyà. Mallam Ìsá ní ó ń gbàdúrà ni, pé kí Ọlọ́run fi ọmọ náà hàn.

Gálímì

Kí ènìyàn tó rí Gálímì, ó ti gbóòórùn rẹ̀. Àlùbọ́sà wà lóko, ó wà lórí òrùlé, ó wà lẹ́bàá títì ní òkìtì òkìtì. Ojú mi ń ta, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti àlùbọ́sà níbẹ̀, n kò mọ èyí tó jẹ́ ẹkún.

Ilé Alùhájì Dàúdà ni Báyọ̀ máa ń wọ̀ sí. Wọ́n tẹ́ ẹní fún Mallam Ìsá níta, wọ́n mú èmi wọlé lọ bá àwọn obìnrin. Ẹ ò rí irú inúure bẹ́ẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n da omi sí i. Wọ́n ń fọwọ́ pa irun dídì mi, wọ́n ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé omi òkun Èkó níyọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé túwó jéró dé pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé osè tó ń yọ̀ bí ilá, gbogbo wa sì ki ọwọ́ bọ abọ́ kan. Ìyáálé ilé, Hàjìyá, kò wo ojú mi, ṣùgbọ́n gbogbo ẹran tó bá kàn án ló ń taari sí iwájú mi.

Mo fi Hausa mi tó ń kọsẹ̀ bi í bóyá ọ̀dọ̀ wọn ni Báyọ̀ ti fẹ́yàwó. Ó rẹ́rìn-ín. "Àwa gan-an fi ọmọ àbúrò mi lọ̀ ọ́. Ó ní bí òun bá gbà, ìyá òun á dákú."

Mo bá a rẹ́rìn-ín, torí mo gbọ́ ohùn Báyọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rín wá kúrò lójú Hàjìyá. Ó ní, "Ẹ ò mọ ibi tó lọ ni? Àwa rò pé ẹ mọ̀."

Ó wá ń sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró kí ó lè yé mi. Ọkùnrin kan wá láti Agadẹ́sì, ìlú tó wà lẹ́nu aṣálẹ̀. Èdè Yorùbá wa ló ń sọ. Bàtà rẹ̀ mọ́ ju ti ẹnikẹ́ni nílùú lọ. Lójoojúmọ́ ló ń wá pe Báyọ̀ síta, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Inú gbogbo ilé dùn pé ọmọ rí ará ilé rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí lọ́rì àlùbọ́sà gbéra, Báyọ̀ dúró sójú ọ̀nà, ó ń wò ó títí kò fi rí i mọ́. Ó wọlé wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó gbé báàgì rẹ̀.

"Mo rò pé gúúsù ni yóò kọjú sí," ni Hàjìyá wí. "Àríwá ló kọjú sí."

Mo gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́. Ìgbà yẹn ló tó yé mi ìdí tí gbogbo àpò fi pé. Kò fẹ́ kí ìyá wa ṣaláìní kí òun tó rí nǹkan fi ránṣẹ́ láti Yúróòpù. Ó dágbére. Àwa ni a kò gbọ́.

Nígbà tí mo jáde síta, Mallam Ìsá ti gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu Alùhájì. Ó ń wo ilẹ̀. "Àǹtí Báyọ̀, ẹ jẹ́ ká padà. Ibi tó kù níwájú yẹn, kì í ṣe ọ̀nà òwò."

Mo ní, "Mallam, kí ni n ó wá sọ fún Màámi? Pé mo dé ìdajì ọ̀nà?"

Ó gbé báàgì mi.

Agadẹ́sì

Bí a ṣe ń lọ sókè ni igi ń dínkù, títí tó fi jẹ́ pé ẹ̀gún nìkan ló kù, ewúrẹ́ sì ń jẹ ẹ̀gún náà. Iyanrìn wọ eyín mi, ó wọ ìpéǹpéjú mi. Otútù tó ń mú láàárọ̀ níbẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí; èmi tí mo rò pé ilẹ̀ iyanrìn gbígbóná ni mò ń lọ.

Ìlú alámọ̀ ni Agadẹ́sì, amọ̀ pupa. Mọ́ṣáláṣí wọn ní ilé ìṣọ́ gíga kan tí wọ́n gún igi mọ́ lára yíká, ó rí bí ẹ̀yìn òòrẹ̀. Ọkùnrin ló ń bo ojú níbẹ̀, obìnrin wọn kì í bò ó. Láwàní dúdú yípo orí, yípo ẹnu, ojú méjì péré ló ń yọ síta. Bí wọ́n bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo máa ń sún mọ́ ògiri. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó bá ṣe ibi fún ọ nílùú yìí, o ò ní lè júwe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ba ọkàn mi jẹ́ ni àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n jókòó lẹ́bàá ògiri káàkiri ìlú, láti Nàìjíríà, láti Gánà, láti Kamẹrúùnù, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ aṣálẹ̀. Ọ̀rá omi àti búrẹ́dì gbọọrọ bí ọ̀pá wà níwájú wọn. Mélòó nínú wọn ni n kò sáré bá láti ẹ̀yìn! Bó bá yíjú padà, kì í ṣe Báyọ̀, á wo ojú mi bí ẹni pé òun náà retí ẹlòmíràn.

A dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wo fọ́tò, ó mi orí. Mallam Ìsá bi í bóyá wọ́n ń gbé òkú àwọn tó bá kú lójú ọ̀nà Líbíà wá síbí. Obìnrin náà rọra dáhùn, Mallam Ìsá sì pa fọ́tò náà mọ́.

"Kí ló sọ?" ni mo bi í.

"Ó ní wọn kì í gbé wọn wá. Ibi tí kálukú bá wà, ibẹ̀ náà ló ń wà."

Ẹ̀bà

Mallam Ìsá ní kí n dúró de òun lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí kí òun lọ kírun ọ̀sán. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ kú ìrìn o, Àǹtí. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Omi bọ́ lójú mi kí n tó yíjú. Ẹni tí kò bá rìn jìnnà rí kò lè mọ ohun tí èdè ìyá ẹni máa ń ṣe fún èèyàn nírú ibẹ̀. Ọkùnrin kan ni, ó sanra níwọ̀nba, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Lékè ni orúkọ òun, pé òun ti gbọ́ pé Àǹtí kan láti Èkó ń wá àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Báyọ̀ ọmọ Kétu, àbí? Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ wá jẹun ná, ojú yín ti wọnú."

Mo tẹ̀lé e. Ohun tí Mallam Ìsá ì bá ní kí n má ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀, orúkọ àbúrò mi ni mo sì gbọ́.

Ilé olódi gíga kan ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ irin. Àwọn ọmọkùnrin bíi mélòó kan jókòó nínú òjìji, kò sẹ́ni tó kí mi nínú wọn. Bọ̀dá Lékè ní kí wọ́n gbé ẹ̀bà wá. Ẹ̀bà gidi, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá àti ẹja gbígbẹ! Lẹ́yìn túwó àti makaróònì tí mo ti ń jẹ bọ̀, ńṣe ni mo gbé e mì bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tọjà dé. Ó ń wò mí, ó ń sọ̀rọ̀ Èkó: Òjọ́tà, Ògùdù, bí òjò ṣe máa ń ba Mile 12 jẹ́. Ìgbà tí mo jẹun tán, tí mo tẹ̀ síwájú láti fọ ọwọ́, ni mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní nínú gbogbo iyanrìn yẹn.

Mo rántí ọ̀rọ̀ Hàjìyá. N kò jẹ́ kó hàn lójú mi.

Ó ní, "Báyọ̀ ti wà ní Líbíà. Iṣẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀. Ohun tó kù ni owó tí yóò fi wọ ọkọ̀ ojú omi, èyí tí ẹ̀yin á bá a wá. Ẹ ò gbà mí gbọ́? Ẹ jẹ́ n pè é fún yín."

Ó mú fóònù kan tó ní eríàlì gígùn jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ó sọ Lárúbáwá díẹ̀, ó gbé e fún mi. Afẹ́fẹ́ ń kùn nínú rẹ̀. Ohùn ọmọkùnrin kan jáde láti ọ̀nà jíjìn.

"Sister mi, èmi ni. Èmi Báyọ̀ ni. Mo wà dáadáa. Ẹ ṣe gbogbo ohun tí Bọ̀dá bá ní kẹ́ ẹ ṣe."

Mo fẹ́ kó jẹ́ òun. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ. Mo di fóònù náà mọ́ etí títí etí fi ń ro mí. Ṣùgbọ́n ńṣe ló ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwé. Mo wá fi ẹnu Àyétòrò bá a sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé láti kékeré. Mo bi í bóyá ó ti jẹun.

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó wá sọ pé, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ má bínú."

Báyọ̀ kò pè mí ní "mà" rí láyé.

Ohùn náà wá yára, ó lọ sílẹ̀ bí ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi sọ fún Mummy mi n'Ífákọ̀ pé mo ṣì wà. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé..."

Mo gbọ́ ariwo kan, bí ìgbà tí nǹkan ṣubú. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ nìkan.

Bọ̀dá Lékè gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àǹtí, bẹ́ ẹ ò bá gbà gbọ́, ẹ lọ fojú yín rí i. Ọkọ̀ wa ń lọ lọ́la, ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ni n ó fi yín sí, lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo dìde. Mo ní kí n lọ sọ fún ẹni tí a jọ wá. Ó ní, "Kí lẹ ń sáré sí?" Mo wo ilẹ̀kùn irin, wọ́n ti tì í pa. Mo wo àwọn ọmọkùnrin inú òjìji, gbogbo wọn ti yí ojú sí ògiri. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí ènìyàn ṣe ń sọnù. Kò sẹ́ni tó fà mí, kò sẹ́ni tó dè mí lókùn. Ẹ̀bà ni mo tẹ̀lé.

Ẹnìkan lu ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà. Mo gbọ́ ohùn Mallam Ìsá, ó ń pariwo ní Yorùbá Mile 12: "Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ìyàwó oníyàwó lẹ tì mọ́nú yẹn! Ẹ ṣílẹ̀kùn kí n tó kó gbogbo àdúgbò lé yín lórí!"

Bọ̀dá Lékè rẹ́rìn-ín kékeré, ó ní kí wọ́n ṣí i. Mallam Ìsá wà níta, òógùn bò ó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin aláwàní ojú méjì yẹn dúró sí, ó ń wo Lékè. Mo sáré kọjá láàárín wọn bọ́ síta.

Omi kànga

Ríísà ni orúkọ ọkùnrin náà. Ó máa ń wa ọkọ̀ lọ sí aṣálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òun ló rí i tí mo ń tẹ̀lé Lékè lọ, tó sì lọ dúró de Mallam Ìsá títí ó fi kírun tán. Ó mú wa lọ sí ilé rẹ̀, ó da tíì fún wa. Níbẹ̀, ife mẹ́ta ni àlejò máa ń mu, àkọ́kọ́ á korò, ìkẹyìn á dùn. Bí o bá dìde kó tó parí, àrífín ni. Aró láwàní rẹ̀ ti wọ ara rẹ̀ lọ́rùn àti lọ́wọ́. Ọwọ́ tí mo ti ń bẹ̀rù yẹn ló ń bù ṣúgà fún mi.

Ó wo fọ́tò Báyọ̀. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. "Ó bẹ̀rù púpọ̀, ó sì ń fi àwàdà bo ẹ̀rù náà. Gbogbo ọkọ̀ ló ń pa lẹ́rìn-ín." Ó ní òun gbé e dé Dírúkù, ìlú kan láàárín aṣálẹ̀. Níbẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí òun fi máa yí ọkọ̀ padà, ó wà nídìí kànga, ó ń mu omi. Ó gbé ọwọ́ sókè sí òun.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?" ni mo ní kí Mallam Ìsá bi í.

"Nígbà tí mo tún débẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan nínú àwọn èrò ọkọ̀ mi dé Líbíà. Àwọn kan wọ ọkọ̀ mìíràn tó gba ọ̀nà ẹ̀yìn, nítorí àwọn sọ́jà." Ó dojú ife rẹ̀ dé. "Ọkọ̀ yẹn kò dé ibì kankan."

"Èwo ni Báyọ̀ wọ̀?"

"N kò mọ̀. Bí mo bá ní mo mọ̀, irọ́ ni."

Mo ní kó gbé mi lọ sí Dírúkù. Ó mi orí. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí òun fi wa ọkọ̀ fún ilé Lékè yẹn, òun kò rí obìnrin kan tó wọ̀ ọ́ tó bá òun padà, ohun tó jẹ́ kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nìyẹn. Mallam Ìsá ní, "Àǹtí Báyọ̀, màmá yín ò ní ọmọ kẹta."

A lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá ìlú. Nígbà tí wọ́n fi máa bá wa débẹ̀, ilẹ̀kùn irin ti ṣí sílẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ìkòkò ọbẹ̀ ṣì gbóná lórí iná.

Ifákọ̀

Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé Kétu. Ó wo ẹ̀yìn mi lákọ̀ọ́kọ́, kó tó wo ojú mi.

N kò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Mo sọ ti àlùbọ́sà, mo sọ ti Hàjìyá, mo sọ ti kànga. Ó ní, "Omi yẹn, ṣé ó mọ́?" Mo ní n kò débẹ̀. Ó ní, "Ó mu ún, ṣá." Mo wá sọ ti fóònù. Mo ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe fẹ́ fi tàn mí jẹ, bínú ṣe ń bí mi. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Kí lọmọ yẹn sọ gan-an?"

"Màámi, kì í ṣe Báyọ̀."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ló bí i. Ìyá rẹ̀ ń bẹ ní Ifákọ̀, ìwọ sì jókòó síbí."

Ifákọ̀ méjì ló wà ní Èkó. A bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó sún mọ́ wa, ti Gbàgádà. Ẹsẹ̀ tí kò lè rìn yẹn ló gbé ìyá mi láti òpópónà kan dé òmíràn, ó di apá mi mú, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣọ, lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ ọkọ̀, lọ́wọ́ àwọn géètìmáànù: ẹ ò mọ ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ sókè òkun tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀? Àwọn kan rò pé orí wa kò pé. Nígbà tó yá, pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀ ṣàánú wa. Ó ní kí n dìde ní ọjọ́ Àìkú, kí n sọ ọ́ lójú ìjọ.

Mo sọ ọ́. Mo rò pé ẹnìkan ló máa wá bá wa lẹ́yìn ìsìn, tàbí kí ẹnikẹ́ni má wá.

Obìnrin mẹ́rin ló dúró dè wá.

Ọ̀kan wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ó ń ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀kan ti darúgbó. Ọ̀kan dà bí ẹgbẹ́ mi lójú mi, kò lè ju mí lọ púpọ̀. Ẹ̀kẹrin kò dúró tì wá, ó jìnnà díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni du ọ̀rọ̀. Ìyá nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ohùn rẹ̀, ṣé ó nípọn?"

"Ṣé ó máa ń wúkọ́ láàárín ọ̀rọ̀?" ni ìyá àgbà wí.

Mo ní afẹ́fẹ́ pọ̀ lórí fóònù, pé n kò lè sọ. Èyí tó kéré jù nínú wọn di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. "Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Bó ṣe sọ ọ́ ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo jẹ́ kó yára, bí mo ṣe gbọ́ ọ. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi sọ fún Mummy mi n'Ífákọ̀ pé mo ṣì wà."

"Tèmi ni," ni ìyá nọ́ọ̀sì wí.

"Ọmọ mi ni," ni ìyá àgbà wí, ó sì rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Èyí tó di ọwọ́ mi mú ń mi orí sókè-sódò. Obìnrin tó jìnnà ti dé ọ̀dọ̀ wa, n kò mọ ìgbà tó rìn dé.

Mo wo ẹ̀yìn mi, mò ń wá ìyá mi kó bá mi dá sí i. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà yẹn, ó ti di ìka rẹ̀ mú, òun fúnra rẹ̀ ti dijú, bí ẹni tó ń retí ohùn kan.

"Mojí," ló wí, "tún un sọ."